Ìwé Nọ́ọ̀sì Tí A Pín Kà

                                        Yàrá Òkè,
                                        Lórí Ṣọ́ọ̀bù Ìdìwé,
                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ìyá ìkókó,

Ẹ kú ọmọ tuntun o. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ṣé ìkókó wa ti ń sùn báyìí, àbí ó ṣì ń fi òru ṣe ọ̀sán? Ẹsẹ̀ yín tó wú ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀? Bàbá ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń wé ọmọ ní ìlédìí, àbí ó ṣì ń dì í bí ẹrù tó fẹ́ wọ mọ́tò?

Èmi náà wà, koko lara mi le. Ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò. Lọ́jọ́ kan mo bu iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà. Ọkọ mi mu tiẹ̀ tán, ó ní òun rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mu ún nílé wa. Ọkọ mi! Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, ó ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́: ọkọ mi. Mi ò bínú pé ẹ ò wá síbi ìgbéyàwó. Ta ló ń ti ilé ìgbẹ̀bí bọ́ sójú agbo? Yàrá kan ṣoṣo la ní, àga méjì, ibùsùn kan tó ń ké tí a bá ti yíra padà. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ni ọkọ mi ti ń di ìwé fún àwọn èèyàn, òórùn gọ́ọ̀mù ń gòkè wá bá wa láti àárọ̀. Mi ò mọ̀ pé òórùn gọ́ọ̀mù lè wu èèyàn.

Ẹ rántí ètò tí wọ́n fún mi ní rédíò láàárọ̀ Sátidé. Ó ti gbilẹ̀ o. Mò ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì tuntun, irú èyí tí èèyàn ti ń kọ́lé sínú òṣùpá, tí ẹ̀rọ sì ń ronú bí ọmọ Ádámọ̀. Kì í ṣe ìwé àwọn gbajúmọ̀. Ìwé àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn ni, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń gbé e kiri nínú báàgì. Mo máa ń sọ ibi tó dùn, mo sì máa ń sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ibi iṣẹ́ aláyọ̀ yìí náà ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ìyá kan ju bírò nù títí ayé. Ẹ gbé ìkókó sẹ́sẹ̀ dáadáa, kí n ròyìn.

Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ, a kò lè fara dà á kí ẹnì kan máa kàwé kí èkejì máa wo àjà. A kọ́kọ́ ń kà á pọ̀, àmọ́ bí mo bá ti fẹ́ ṣí ojú ewé, ọkọ mi á pariwo pé, "Dúró ná, mi ò tíì dé ìsàlẹ̀!" Ló bá mú ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀, ó la ìwé náà sí méjì láti ẹ̀yìn. Èmi gba ìdajì iwájú, òun gba ìdajì ẹ̀yìn. Bí a bá parí, a ó ṣe pàṣípààrọ̀, á sì lẹ̀ ẹ́ padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ ìparí, á wá máa wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, èmi á máa ju ìrọ̀rí lù ú.

Ìwé méjì wá dé lọ́sẹ̀ kan náà. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ̀kan, mekáníìkì kan ló kọ èkejì. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan náà ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, wọ́n ga bákan náà, wọ́n nípọn bákan náà, kò sì sí àkọlé lókè ojú ewé. Ọkọ mi la méjèèjì. Nígbà tí mo ka iwájú ìwé nọ́ọ̀sì tán, ó gbé ìdajì kan lé mi lọ́wọ́, ó fẹnu kò mí lẹ́nu, mi ò sì wo nǹkan kan mọ́. Ẹ ṣàánú mi, ìyàwó tuntun ni mí.

Nínú ìdajì àkọ́kọ́, ìyá kan ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn nínú òṣùpá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọ ọkọ̀ kan lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ náà yára débi pé ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní dàgbà. Ìyá ń darúgbó, ó ń retí ọmọ. Mo ṣí ìdajì kejì, mo bá ara mi nínú ìlú kan lábẹ́ òkun, ọkùnrin kan ń tún ẹ̀rọ ìfami ṣe fún odindi ojú ewé mẹ́ta. Kò sí ìyá, kò sí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún! Mo ní òǹkọ̀wé yìí mà gbójú o, ó fi hàn wá bí ayé ṣe ń gbàgbé ẹni tó ń retí. Ohun tí mo sọ lórí rédíò nìyẹn, tohùn tẹkún.

Fóònù dún, wọ́n sì so ó mọ́ ètò.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn."

"Ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ kú làákàyè!"

"O ṣé. Ṣùgbọ́n omi wo lò ń sọ? Kò sí omi nínú ìwé mi. Inú òṣùpá ni gbogbo wọn wà títí ó fi parí."

Kí n tó lanu, ẹlòmíràn ti wọlé sórí ìlà: "Omi tèmi ni o! Èmi mekáníìkì ni mo ni òkun yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé-iṣẹ́. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá lè ka ìdajì tèmi mọ́ ìdajì ẹlòmíràn tí o ò sì fura, a jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú tèmi nìyẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kọ òmíràn mọ́." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín bébà. "Aya mi, bí o bá ń lọ sílé yín, jẹ́ kí n bá ọ gbé báàgì, mo kàn fẹ́ tẹ̀ lé ọ dé ibẹ̀ ni, kí n má sì padà." Mo fẹ́ bínú, ìbínú ò wá. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ti ka ìparí ìwé nọ́ọ̀sì, òun rò pé ti mekáníìkì ni, ó sì ń ya òun lẹ́nu pé mekáníìkì yìí mà mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì o.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ka ìdajì tòótọ́ sí mi létí. Ọmọ dé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dé pẹ̀lú ọgbẹ́ lápá, ọ̀dọ́mọkùnrin ṣì ni. Kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀, "màmá àgbà" ló ń pè é. Ìyá náà di ọrùn ọwọ́ ọmọ mú láti wo bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí ibà bá ń ṣe é. Ọmọ wo ọwọ́ yẹn, ó ní, "Mo mọ ọwọ́ yìí." Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Nígbà tí mo máa wò, ọrùn ọwọ́ mi ni ọkọ mi dì mú, ó ń wá iṣan kiri níbi tí kò sí.

Nígbà tí ètò tún yí po lánàá, mo sọ gbogbo ẹ̀ fáyé gbọ́, àtọ̀bẹ àti gọ́ọ̀mù. Mi ò sì fi àánú pọ́n ìwé náà lé. Mo ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fà jù, ó mú wa wo kọ́bọ́ọ̀dù oògùn títí ó fi sú wa, kò sì sọ ohun tó ń mú ọkọ̀ náà sáré. Mekáníìkì ní tiẹ̀ ṣàlàyé gbogbo nọ́ọ̀tì inú ẹ̀rọ, àmọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ kì í kíra wọn. Mo ní ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mú ọwọ́ yẹn, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di ọwọ́ aláìsàn mú nìkan ló lè kọ ọ́, bí ìyá náà bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá wa kọ ọ́. Àwọn èèyàn pè, mekáníìkì pè, ó ní òun ti gbà, wọ́n máa kíra wọn nínú èyí tó ń bọ̀. Ìyá náà kò pè. Mo fi orí kọ́ délé.

Lọ́sàn-án òní ni ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Obìnrin kúkúrú, bàtà kánfáàsì funfun, ọ̀rá kan lọ́wọ́. Kò kí wa tán tó fi béèrè pé, "Ta ló ni ọ̀bẹ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ọkọ mi nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. Ìyá nọ́ọ̀sì, tí wọ́n júwe ilé wa fún ní ilé-iṣẹ́ rédíò, wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fa ewé bébà mélòó kan tó fi ọwọ́ kọ yọ nínú ọ̀rá, ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo ní ìbẹ̀rẹ̀ mi fà. Mo bẹ̀rẹ̀ èyí lánàá, bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mi ò tíì dì í o. Ẹ pín in kà, kí ọ̀bẹ sinmi."

A gbé àga kan fún un, kò jókòó. A jókòó sórí ibùsùn, èmi mú díẹ̀, ọkọ mi mú díẹ̀, a kà, a ṣe pàṣípààrọ̀, a tún kà. Ó dúró tì wá, ó ń wojú wa. Nígbà tí a parí, ó béèrè bóyá ó dáa, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹnu àwa méjèèjì là: "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ìgbà yẹn ló tó jókòó.

Ẹ bá mi kí bàbá ìkókó àti màmá wa. Ẹ bá mi fẹnu ko ìkókó ní àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, kí ọ̀kan má jowú.

Èmi ni tiyín tayọ̀tayọ̀,
Àbúrò yín,
Ìyàwó Onídìwé.