Oríkì Tí Mo Fi Pa Mọ́ Dè Ọ́

                                        Ilé Olùkọ́ Olúṣẹ̀yẹ,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Òmù-Àrán,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Jàrátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni òtútù ìlú ọ̀hún? Wọ́n ní oòrùn ti dé sí yín, àmọ́ ìwọ ṣì ń wọ súwẹ́tà nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́. O kú ìrọ́jú o. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ṣé àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbẹ̀ ń dúpẹ́ oore? Ọlọ́run á fún ọ lókun. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Ebenezer ọkọ mi ń kí ọ. Màmá mi náà ń kí ọ, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí ẹ̀gúsí gidi rà. Mo lọ wo ìyá rẹ ní Orò-Àgọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀nà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léegun! Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi lásán ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi dá mi mọ̀, wọ́n sì ṣàdúrà fún ọ títí.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Inú mi dùn gan-an pé ìwé ìrìnnà Qonitah ti jáde, pé o fẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ mi máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé lóṣù Kẹsàn-án. Àmọ́ ibi tó o ti ń sunkún pé ọmọ rẹ ń dá ọ lóhùn lórí fóònù bí ẹni ń dá ọlọ́pàá lóhùn, pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé kò ní fẹ́ wá mọ́, ibẹ̀ ló mú mi wá bírò. Irú èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Màá ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, kó o máa kà á díẹ̀díẹ̀. Fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n fi mí ṣe Acting Headmistress? Ọ̀gá wa fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n máa di ipò náà mú títí wọn ó fi rán ẹlòmíràn wá. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, Acting ò sì kúrò lọ́rùn mi. Àwọn Òyìnbó mà lórúkọ fún ẹni tí kò tíì jókòó tán o! Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, Interim ni. Àbúrò Ebenezer tó ríṣẹ́ sí báńkì, Probation ló wà. Ìwọ náà, o ní Relief ni wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́, ilé yìí lónìí, ilé yẹn lọ́la. Tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀. A ní adelé, a ní fìdíhẹ, ó parí.

Ọ̀rọ̀ Acting yìí ni Qonitah gbọ́ lẹ́nu àwọn tíṣà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, bó ṣe ti ilé-kéwú dé, ó jókòó tì mí, à ń já ẹ̀fọ́. Má yọ ara rẹ lẹ́nu, kì í pa ilé-kéwú jẹ, Ààfáà fúnra wọn ń yìn ín. Ó bi mí pé kí ni Acting. Mo ní ẹni tó ń bá èèyàn di àyè mú ni, títí ẹni tó ni ín á fi dé. Ó já ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí i, ó wá ní, "Àńtí, ẹ̀yin ni Acting mọ́mì mi nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ kì í fi kì mí bí ẹ ṣe ń ki Marvellous."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Òótọ́ ni, Jàrátù. Láàárọ̀, tí Marvellous ọmọ mi bá kúnlẹ̀ kí mi, màá ní, "Àjọkẹ́, ọmọ bàbá ẹ̀, ṣé o jí ire?" Inú ẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn. Tó bá kan Qonitah, "O káàárọ̀ o, lọ bọ́jú" ni. Mo sì mọ̀ pé Àwẹ̀ró ni oríkì ẹ̀, ṣebí etí mi ni o ti ń kì í kó o tó lọ, látìgbà tí Bashir bàbá ẹ̀ wà láyé. Èmi ni mo ní ti ìyá ẹ̀ ni, ẹnu mi ò gbọdọ̀ gbà á, kí n fi pa mọ́ títí ìyá ẹ̀ á fi dé. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún ọ, èmi ọlọ́gbọ́n àgbà! Ọmọ rò pé òun ò ní ẹni tó ń gẹ òun ni.

Àṣé Màmá mi ń gbọ́ wa láti yàrá. Wọ́n jáde sí mi: "Motún, ṣé orí rẹ pé ṣá? Ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn ṣọ́ ilé, ṣé yóò ti yàrá pa títí aláǹtakùn á fi gba ibẹ̀ ni? Ṣé kì í gbálẹ̀ ẹ̀ ni? Ẹ ò ki ọmọ láti ọdún méjì, ẹ wá fẹ́ kó yọ̀ mọ́ ìyá ẹ̀ lórí fóònù!" Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo rántí pé ìwọ náà ò kì í mọ́. "Kí lo jẹ? Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ ilé? Ṣé ò ń gbọ́ràn sí Àńtí lẹ́nu?" ni ṣáá. Mo mọ̀ ọ́, Jàrátù, ojú ló ń tì ọ́ pé o fi í sílẹ̀. Èmi ń dúró dè ọ́, ìwọ ń sá fún un, kò wá sẹ́ni tó ń ki ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, "Àwẹ̀ró." Kò dìde. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ Jàrátù, ọmọ ará Orò-Àgọ́, arẹwà ọmọ, ṣé o jí ire?" Kò gbórí sókè. Ó ní, "Ẹ tún un pè." Mo tún un pè títí ohùn mi fi há, a sì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Níjẹta, tí mo kì í tán, ó wò mí lójú, ó ní, "Àńtí, ṣé Mọ́mì mi ṣì rántí ẹ̀?"

Mo ní o rántí. Ó wò mí ṣáá ni, kò gbà. Mo lè bá ọ di irun ẹ̀, mo lè bá ọ bá a wí, mo tiẹ̀ lè bá ọ bá olùkọ́ ẹ̀ jà. Èyí nìkan ni mi ò lè bá ọ ṣe. Nítorí náà, tó o bá pè lọ́jọ́ Àìkú, má bi í léèrè ohun tó jẹ. Kì í ní Àwẹ̀ró. Tẹ́kún bá dé, sun ún kó gbọ́ ọ. Bó bá ti dá ọ lóhùn, ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi ni màá di ẹrù ẹ̀. Màá sunkún o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti fẹ́ràn ọmọ yẹn kọjá ibi tó yẹ kí alágbàtọ́ dé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó sáré bá ọ ní pápákọ̀ òfuurufú, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tì í.

Bá mi kí gbogbo àwọn ará ilé tó wà lọ́dọ̀ yín. Ìyá rẹ ní kó o máa jẹun dáadáa. Ó dọjọ́ Àìkú o, fóònù á wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, èmi á jáde síta.

Tìrẹ ni mí, tọkàntọkàn,

Motún.