Àpá Ara Máṣìnnì Alága

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹta
Mo ti kú. Iwin mi ló ń kọ èyí.
Bàbá mi — Alága, kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án, òun ló yan ara rẹ̀ — rìnrìn àjò iṣẹ́, ó di Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ máṣìnnì rẹ̀ sínú bàtà òjò. Ta ló ní kó fi síbẹ̀? Mo kàn ní kí n gùn ún yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan péré ni. Géètì ilé aránṣọ ló wá kọlù mí. Géètì ló rìn wá o! Ike ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tó pupa bí ojú ọ̀mùtí, là láti ìdí ìjókòó dé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Odò ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi bó — ta ní ń béèrè orúnkún?
Kí Alága tó lọ, ó ní bí mo bá fọwọ́ kan máṣìnnì òun, ilé àbúrò òun ni mo máa gbé títí màá fi lọ́kọ. Àbúrò náà ni mo ń pè ní Pàṣán. Olùkọ́ ni. Wọn kì í rẹ́rìn-ín nílé yẹn láìgbàṣẹ.
(Lójú wọn, "wọ́n" ni gbogbo àgbàlagbà ilé wa. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ìwé ò lẹ́nu, kò lè fẹjọ́ mi sùn.)

Ọjọ́ Àìkú, 7
Gúlúù. Ó lẹ̀ dáadáa — àtàǹpàkò mi ló lẹ̀ mọ́ máṣìnnì. Mo wà níbẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, títí Ìyá Àgbà, ìyá Alága, fi jáde. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, àfi bí ọ̀rọ̀ ò bá kàn án. Ó wo àtàǹpàkò, ó wo ike, ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó ni, àbí ẹ ṣì ń fẹ́ra?" Omi ọṣẹ gbígbóná ló fi tú wa ká.
Ó búra pé òun ò ní sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń búra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ìyá Àgbà kì í ju ike nù. Gbogbo abọ́ ilé yìí ló ti rán tán. Ìṣó gbígbóná ló fi ń lu ihò sọ́tùn-ún sósì ibi tó là, á ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, á fà á kí ẹnu méjèèjì pàdé. Nígbẹ̀yìn, kókó mẹ́ta, bí ẹni buwọ́ lùwé. Bó ṣe rán ti máṣìnnì náà nìyẹn, látinú.
Ìta kù sí mi lọ́wọ́. Mo yọ́ ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e. Ó tutù tán, ó ṣí kúrò bí èépá. Ìyá Àgbà ní àlejò kì í jókòó pẹ́ níbi ìpàdé ẹbí. Kí n wá ike tó jẹ́ ẹbí ẹ̀. Mo bá gé pẹ́lẹ́ńbẹ́ kan lábẹ́ ìjókòó, níbi tí oòrùn ò dé rí. Ó yọ́, ó wọnú ara wọn, ó dì. Mo jó! Òórùn ẹ̀ lé ológbò kúrò ládùúgbò.

Ọjọ́rú, 10
Sánpépà. Mi ò lápá mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Mo lọ tọrọ ọ̀dà pupa lọ́wọ́ mẹkáníìkì òdìkejì, Ẹnudùnjuyọ̀. Mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Ó ní, "Àbúrò, iṣẹ́ ilé-ìwé yẹn náà ni mo rí tó ń wọ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé agolo fún mi.
Mo kùn ún. Ibi tó là pòórà! Ọwọ́ wá ń yún mi. Ìlà wíwọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú, ó ti là síbẹ̀ kí n tó gbọ́njú. Mo ní kí n ṣe Alága lóore. Mo dí òun náà, mo kùn ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Ó ń dán jù. Mo da erùpẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Ìkà ò pa mí. Oore ló pa mí.
Alága dé. Ó yí máṣìnnì po. Ó kọjá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kò tiẹ̀ wò ó — inú mi ń jó! Ó dé iwájú, ó ń fi àtàǹpàkò wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó wá a títí. Ó figbe ta: wọ́n ti pààrọ̀ máṣìnnì òun!
Màmá mi ní, "Bàbá wọn, nọ́ńbà yín kọ́ nìyí ni?" Ó ní nọ́ńbà ṣeé yọ, àpá ò ṣeé yọ. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ Ẹnudùnjuyọ̀ ni, òun náà ló ní irinṣẹ́. Tésàn ọlọ́pàá ló máa sùn lónìí. Alága ti ń wọ bàtà.
Ẹnudùnjuyọ̀ tó fún mi lọ́dà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fọwọ́ bọ inú ike ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún."
Ó fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó kan wáyà. Ó kan kókó mẹ́ta. Ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó lọ síbi àga ìyá rẹ̀. "Màámi! Ẹ̀yin náà?" Ìyá Àgbà ní ojú òun ò ríran mọ́, òun ò mọ ohun tọ́wọ́ òun ń rán.
Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ló tú u fún mi. Lọ́jọ́ tó ń rọbí mi, máṣìnnì yìí ni Alága fi gbé e, ìbẹ̀rù-bojo ló fi lọ gbá òpó ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì fi aboyún sílẹ̀, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí Alága. Látọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ìlà ẹ̀gbẹ́ iná yẹn ṣe.
Mo fi ọ̀dà kun ọjọ́ ìbí mi.
Alága tọ́ka sínú ilé. Ó ní, "Lọ di ẹrù rẹ."

Ọjọ́ Ajé, 15
Mo di ẹrù. Mo sunkún tó lè fọ ilé. Alága pè mí síta. Ọ̀bẹ ti ń gbóná lórí iná. Mo rò pé ilé Pàṣán ì bá sàn jù.
Ó na ọ̀bẹ sí mi. "Dá a padà."
Mo là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń tọ́ka: wọ́ ọ sósì díẹ̀, rárá, ibí yìí ló ti yà. Ìyá Àgbà ń bú wa lójú fèrèsé: àwọn wo ló bí irú èyí, tó ń fọ̀bẹ la ike tó dáa?
Alága fi àtàǹpàkò rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò ní ó dáa, kò ní kò dáa. Ó ní kí n lọ tú ẹrù mi, kí n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà síbi tí mo ti mú un.
Inú bàtà òjò kan náà! Àwọn kan kì í kọ́gbọ́n.
Mo fi síbẹ̀. Mo sì kúrò níbẹ̀.