Agolo Mílíìkì Tí Kò Ní Mílíìkì Nínú

Bàbá Tàófíìkì, ẹ kú àbọ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ má fọwọ́ kan agolo tuntun tó wà lórí tábìlì yìí. Fítámìn àwọn adìyẹ ni.

Èyí tí ẹ ti ń bù nínú agolo mílíìkì àtijọ́, fítámìn adìyẹ ni òun náà. Ẹ̀bi tèmi ni pé mo dà á síbẹ̀ nítorí ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò béèrè.

Ṣé ẹ rántí bí ẹyin wa ṣe ń rọ̀ bí awọ? Lánàá ni mo lọ bú Mùtíátù tó ń ta oògùn adìyẹ ní ọjà Dantokpa lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, pé ayédèrú fítámìn ló tà fún mi. Àfi bí Sọ̀fíyàt ṣe ń wọ aṣọ iléèwé láàárọ̀ yìí tó ní, "Màámi, ṣíbí méjì ni Bàbá ń bù sí kókó wọn lójoojúmọ́. Wọ́n ní mílíìkì yẹn ń fún àwọn lágbára." Abájọ tí fítámìn fi ń yára tán, tí mo fi ń dín ti àwọn adìyẹ kù!

Dókítà adìyẹ rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù. Ó ní kí ẹ dáwọ́ dúró lónìí, kí ẹ lọ rí dókítà ènìyàn.

Ẹ bá mi da omi àwọn adìyẹ nù, kí ẹ po tuntun, ṣíbí kan sí garawa kan. Oòrùn máa ń ba fítámìn jẹ́ nínú omi.

Mo ti lọ bẹ Mùtíátù. Tó bá bi mí pé ta ló jẹ ẹ́, mi ò ní purọ́. Ìyàwó lèmámù ló sì ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà kí ẹ tètè wá nǹkan sọ kó tó di Jímọ̀.

Sàrátù