Sí Tóyìn, Tó Di Tẹkiníṣàn Ìwà ní Ìbàdàn

Ìtàjí-Èkìtì

Olúwatóyìn, Àrìnkẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni Ìbàdàn, ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, ilẹ̀ ibẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, oúnjẹ ibẹ̀ á bá ara rẹ mu. Gbogbo ulé kí ọ. Orúnkún ṣì ń dun bàbá rẹ bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Ìwé ni mo ní kí n kọ torí fóònù yìí kì í ní sùúrù, bí mo bá ṣe ń kí ọ tán báyìí ni owó inú rẹ̀ náà ń tán.

Ọmọ mi, uṣẹ́ tuntun rẹ ti di ariwo nílùú. Ọjọ́ tí o pè pé wọ́n ti gbà ọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ótísìmù, pé bìhéfíọ̀ tẹkiníṣàn ni wọn yóò máa pè ọ́, tẹkiníṣàn nìkan ni bàbá rẹ gbọ́. Ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìjọ bá òun dúpẹ́, ọmọ òun ti di tẹkiníṣàn. Kí a tó délé, fáànù, áyọ́ọ̀nù àti rédíò ìyá Fúnkẹ́ aládùúgbò wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní kí o tún wọn ṣe tí o bá wálé Àjíǹde. Mo tètè ṣàlàyé pé kì í ṣe irú tẹkiníṣàn bẹ́ẹ̀, pé ìwà ni ìwọ ń bá èèyàn ṣe. Àlàyé yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Lọ́jọ́ kejì ìyá Fúnkẹ́ wá gbé rédíò rẹ̀, ó mú ọkọ rẹ̀ wá dípò. Ó ní ahun ni, kí n bi ọ́ bóyá ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó jẹ iyán wa kó tó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò bá ẹ̀rín wá. Wùnmí ni, èyí tí a jọ ń yan gààrí. O rántí Ìbùkún ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje tí kì í sọ̀rọ̀. Á jókòó, á máa to ẹ̀gẹ́ láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó tóbi, bí ẹnikẹ́ni bá sì yí ọ̀kan padà, á mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Wọlé tó ń bá wa lọ ẹ̀gẹ́ bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí, ọmọ náà á figbe ta, á máa ge ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní kí Wùnmí má mú un wá mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn ni òun àti ọmọ fi ń jẹun. Wùnmí ti di ẹrù ọmọ náà sílẹ̀, ó fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní oko kan lẹ́yìn Ayébòdé, kó kúkú máa gbé ibẹ̀, kí ojú ayé kúrò lára wọn. Ó ń sunkún, ó ní bóyá ìwọ lè tún un ṣe kí àwọn tó lọ.

Ìdí tí mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. O ní kí a máa rí ara wa nínú fóònù, mo sì kọ́kọ́ lọ wẹ̀, mo wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì mi, torí mi ò mọ̀ bóyá ọ̀gá rẹ wà nítòsí. Mo gbé e sétí, o ní Màámi, etí yín ni mò ń wò. Mo ní kí o kúkú wò ó dáadáa, torí ó ti ń hó láti ìjẹta. O bú sẹ́rìn-ín, títí di òní mi ò mọ ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

O wá sọ ohun tí mi ò lè gbàgbé. O ní Ìbùkún ò bàjẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀, pé ariwo tó kéré létí tiwa lè dà bí ààrá létí tirẹ̀. O ní kí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà l'Ádó, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, kí a máa fi àmì hàn án kí ẹ̀rọ tó dún, kí a ya àwòrán ohun tó lè fẹ́ fún un kó máa fi sọ̀rọ̀, tó bá sì ṣe dáadáa, kí a fún un ní ohun tó fẹ́ràn lójú ẹsẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí, ara bàbá rẹ ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Gbogbo ìgbà tó bá gbé àwo padà sí kíṣìnì, mo ń fi ẹ̀pà sí i lọ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé adìẹ lòun ni. Ó ń gbé àwo báyìí, ó tún ń gbé ti àlejò.

Àwòrán ló fẹ́ dójú tì mí. Mo ya omi, bàbá rẹ ní ewúrẹ́ ni. Ìrètí, tíṣà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, ló bá wa ya ife omi, àkàrà, àti ọmọ tó fọwọ́ di etí. Mo mú ìborùn mi tó nípọn sílẹ̀ tí a ó fi wé Ìbùkún létí. Wọlé kọ́kọ́ kùn, ó ní òun ò ní máa gbàyè lọ́wọ́ ọmọdé kí òun tó ṣiṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Wùnmí, ó gbà pé òun á máa gbé aṣọ pupa sókè kí òun tó tan ẹ̀rọ.

Ọjọ́bọ̀ ni Wùnmí mú un wá síbi gààrí. Mo fi ìborùn wé e létí, a to àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀. Wọlé gbé aṣọ sókè, Ìbùkún wò ó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìborùn mọ́ etí, ẹ̀rọ dún. Ó ń mi ara síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ké. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó mú àwòrán ife, ó lọ fi sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Wùnmí dúró bí igi. Mo rọra sọ sí i létí pé omi ni, omi ni ọmọ rẹ ń béèrè. Ó bu omi fún un. Ọmọ mu ún, ó tún mú àwòrán wá. Ó mu ún, ó tún mú un wá. Nígbà tó yá kò tilẹ̀ mu ún mọ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ la ó tún fún òun, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Tóyìn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gààrí orí agbada jóná, kò sẹ́ni tó bá a wí. Wọlé ní eruku ló kó sí òun lójú. Kò sí ìrìn àjò Ayébòdé mọ́, wọ́n ti tú ẹrù.

Jọ̀wọ́, fi nǹkan ìbotí tí o ní àwọn ọmọ yín ń lò ránṣẹ́. Wọlé náà fẹ́ ọ̀kan. Fi owó díẹ̀ sí i kí Ìrètí ra pẹ́ńsù aláwọ̀. Èmi ò béèrè nǹkan kan fún ara mi, àfi ìborùn míràn, àti bàtà tó máa bá a mu, àti ohunkóhun tí ọkàn rẹ bá sọ. Ọwọ́ rẹ tó ń tu ọmọ ọlọ́mọ nínú kò ní rọ, ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́ ni wọn á ti máa súre fún ọ, àmín.

Ìwé tí mo ká sínú èyí, Ìbùkún fúnra rẹ̀ ló fi èédú yà á láàárọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Bàbá rẹ ní iṣu ni. Ìrètí ní ọkọ̀ ni. Wùnmí ní òun ni, ó sì ti fi han gbogbo àdúgbò. A gbé iṣu fún un, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ tó kọ́ iṣẹ́ náà, bá wa wò ó dáadáa, kí o sì tètè fèsì, torí Ìbùkún jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń wojú mi, ó ń retí èsì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Florence Ajíbádé