Káàdì Ẹni Tí Kò Padà Wá

Enugu, Ọjọ́rú, oṣù Keje, 1970

Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ dá yunifásítì lóhùn. Wọ́n ti gbà mí láti wá kọ́ iṣẹ́ láíbìrì sí i. Ọ̀gá mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá gboyè dé, àga òun ni màá gbà.

Lónìí, ìyá kan láti Emene wá sí láíbìrì wa, ó dá ìwé tí ọmọ rẹ̀ yá kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ padà. Ọmọ náà kú sójú ogun. Bí ìwé bá dé, a máa ń dá káàdì ẹni tó yá a, tó wà lọ́wọ́ wa, padà fún un. Ti òkú, a máa ń fà á ya ni. Mo ti mú un lọ́wọ́ láti fà á ya.

"Ọ̀gá, ṣé òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ tó wà lórí káàdì yẹn?" ìyá náà bi mí.

"Òun ni, Mà."

"Ilé wa jóná. Mi ò ní nǹkan kan tó fọwọ́ kọ mọ́."

Mo fún un.

Irú rẹ̀ ṣì pọ̀ nínú àpótí káàdì. Bí mo bá lọ, ẹni tó bá gbapò mi á fà wọ́n ya, bí òfin ṣe wí. Ẹ̀kọ́ náà sì wù mí, bóyá mo kàn ń tan ara mi jẹ ni. Mo ti kọ̀wé pé mi ò ní lè wá lọ́dún yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fa bí ogójì irú káàdì bẹ́ẹ̀ ya.