Òkúta Mẹ́ta Láràárọ̀

                                        Ojúlé Keje, Àdúgbò Etíkun,
                                        Komiža,
                                        Erékùṣù Vis.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Òkúdù, 2019.

Lucija, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Zagreb ńkọ́, ṣé ooru ò tíì máa bá yín fínra? Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, ṣé ó ti ń fọ abọ́ báyìí? Dáadáa ni àwa wà níbí, a dúpẹ́. Bàbá mi ní kí n kí ọ. Ojú wọn ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú bí abẹ.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀yà ara, pé o ti kó gbogbo ìwé ìṣègùn rẹ sínú páálí, o ò sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ti oṣù kẹsàn-án. Ó dùn mí wọra. Mi ò ní bá ọ wí, torí mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ìtìjú ló ń mú kí èèyàn palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ.

O rántí ògiri ọgbà àjàrà wa lókè, èyí tí bàbá Bàbá fi òkúta lásán tò láìsí sìmẹ́ńtì, tó wó? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣèlérí fún Bàbá pé màá tún un tò. O sì mọ ìṣe wa nílé kọfí: ẹni tó bá ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe, gbogbo ilé á gbé ife ọtí rakija sókè fún un, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tó ti ṣe é tán. Àìmọye ìgbà ni wọ́n gbé ife sókè fún ògiri yẹn! Wọ́n tilẹ̀ ń pè mí ní Mínísítà Iṣẹ́ Òde.

Nediljka, opó tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ló là mí lójú. Ó pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Mínísítà, ẹ kú iṣẹ́ ẹnu o! Ṣé kí bàbá yín tó kú lẹ ó tò ó ni, àbí lẹ́yìn ìsìnkú?" Inú bí mi, mo bi í pé kí ló wá fẹ́ kí n ṣe. Ó ní, "Panu mọ́. Òkúta mẹ́ta láràárọ̀ kóo tó fẹnu kan kọfí. Má sọ fún ẹnì kankan."

Òkúta mẹ́ta! Ó jọ ẹ̀sín lójú mi, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò pé oṣù kan tí ọkàn mi ò fi bá mi jiyàn mọ́ láàárọ̀. Àfi lọ́jọ́ Àìkú kan tí orí mi wú: mo to ogójì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ráyè ki òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín wọn. Ẹ̀yìn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gúúsù gbé òjò dé, ibi tí mo tò lọ́jọ́ yẹn nìkan ló wó. Mo jókòó, mo sunkún, àgbàlagbà bíi tèmi. Nediljka ń kọjá, ó wò ó, ó ní, "Tòní ńkọ́? O ti to mẹ́ta?" Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo dìde, mo to mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ògiri náà parí, a gbé Bàbá sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sókè. Wọ́n fọwọ́ tọ ògiri náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Wọ́n ní, "Frane, ó wọ́ níbí." Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní, "Ta ló ń bínú? Ti bàbá mi náà wọ́ níbẹ̀." Wọ́n fẹ̀yìn tì í, wọn ò gbà ká gbé wọn sọ̀kalẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Gbogbo èèyàn ń bá mi yọ̀. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ọwọ́ nìkan ni Bàbá fi rí i. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá tí mo fi ń sọ̀rọ̀, ojú wọn ríran kedere.

Jọ̀ọ́, tú páálí yẹn. Bá mi kí ìyá rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Má kọ̀wé sí mi pé o fẹ́ máa kàwé o, àbúrò mi. Ka ojú ìwé méjì ná, kóo tó mú bírò.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ dénú,

Frane