Epo Jíà Ni, Kì Í Ṣe Ọbẹ̀ Tó Jóná

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ lóṣù tó kọjá, tí o béèrè bóyá ọbẹ̀ mi ló jóná tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọbẹ̀ o. Epo jíà katapílà ni. Ẹni tó tú epo náà jáde ni ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ ti lọ́kọ! Rọra jókòó, ọmọ mi, má ṣubú.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ìyàwó àti àwọn ọmọ le? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín, làálàá yín kò ní jẹ́ omi inú apẹ̀rẹ̀. Adìẹ dúdú ti pa ọmọ, òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò sì jò mọ́. Ẹni tó dí i náà ni mò ń sọ yìí.

O mọ̀ pé wọ́n ń la ọ̀nà lẹ́yìn ilé wa. Katapílà wọn dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jíà sì wá tọrọ abọ́ funfun. Èyí tó dára jù nílé ni mo gbé fún un. Ó ní àpótí jíà kan wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, òmíràn wà ní ẹsẹ̀ òsì, kálukú ló ní epo tirẹ̀. Bí èèyàn bá ń bu epo sí ẹ́ńjìnnì títí di ọ̀la, ẹsẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìgbà tí epo náà bá ṣì gbóná ló yẹ kí a tú u, kí ìdọ̀tí lè bá epo jáde. Ti òsì dúdú, òun ni mo yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Ti ọ̀tún funfun bíi wàrà, mo bá pàtẹ́wọ́, mo kí i kú oríire pé èyí mọ́. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di katapílà mú. Ó ní omi ló wọ inú rẹ̀, àìsàn ni! Nígbà tó ń fi nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì epo tuntun, èyí tó ń sọ bí epo ṣe ki tó, wé ti inú ìwé katapílà, mo ní kí ló dé tí kò mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní ìyàwó tó da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀, ṣé ó fẹ́ràn ọkọ jù ni? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ́fíìsì ìjọba la ti ṣègbéyàwó. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè iṣẹ́ ọkọ, mo ṣàlàyé bó ṣe ń yí epo padà, láti orí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí epo àtijọ́ ń gbà jáde títí epo tuntun fi ń yọ lójú ihò ẹ̀gbẹ́, mo kọ ọ́ dé ẹ̀yìn ìwé kí akọ̀wé tó gba bírò lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ àfi àwọn ẹlẹ́rìí àti báńkì. Báńkì ló kọ̀wé sórí fóònù mi pé bí ohunkóhun bá yí padà nípa mi, kí n sọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Títí dòní wọn ò kí mi kú oríire. Àwọn tí owó wa wà lọ́wọ́ wọn!

Ohun kan ló kù. Ọkọ mi kò tíì kó ẹrù rẹ̀ wọlé, àgọ́ òṣìṣẹ́ ló ṣì ń sùn. Ó ní a kì í da epo tuntun lé èyí tí a kò mọ̀, àfi kí ẹ̀yin ọmọ fojú rí òun, kí ẹ sì fẹnu ara yín pe òun wọlé. Mo pariwo pé èmi kì í ṣe jíà. Ó ní òótọ́ ni, jíà kì í pariwo tó báyìí. Wọ́n máa gbé katapílà lọ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbà á, ṣọ́ọ̀bù ti wà nílẹ̀ fún un ní ìkóríta. Bí ẹ kò bá wá, ó ní òun á bá katapílà lọ, òun ò ní yọ́ wọ ilé ọlọ́mọ. Ọmọ mi, inú mi ò dùn báyìí rí láti ìgbà tí bàbá yín ti sùn. Má jẹ́ kó lọ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè ra epo jíà sí ṣọ́ọ̀bù náà dè é. Ìyàwó rẹ náà á máa bá ọ rẹ́rìn-ín dọjọ́ alẹ́. Sọ fún àbúrò rẹ, kó ìyàwó àtàwọn ọmọ, kí gbogbo yín dé kí oòrùn tó wọ̀ ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀.